Àáró Tó Gé Igi Ìyá Mi

Jethro ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí nígbà tí nǹkan ṣì dùn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé òun ni. Nígbà tó bàjẹ́ tán, ó di "ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé". Kíláàsì kan náà la wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí à ń lọ ní Kàbà. Ó ga, ó rù, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé bó bá ní kí o bá òun ru òkúta, wàá kọ́kọ́ bi í pé mélòó. Ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn AI tí gbogbo ayé ń pariwo, kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹnu lásán kọ́; ọwọ́ ni à á fi kọ́ ọ, bí ẹni kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló wà láàrin àwa márùn-ún, iná ìjọba sì ń wá nígbà tó bá wù ú. Jethro ní kò sí wàhálà, àáró la ó fi ṣe é.

Kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ àáró. Lónìí a ó ṣiṣẹ́ lóko tèmi, lọ́jọ́ mìíràn a ó ṣe é lóko tìrẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Bí ọwọ́ márùn-ún bá wá sóko rẹ, ọwọ́ márùn-ún náà ló gbọ́dọ̀ pé sóko ẹni tó kàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtìjú rẹ ló délé.

Oko tó bá kàn la máa ń lọ. A ó roko títí oòrùn yóò fi mú, a ó wá jókòó sábẹ́ igi, a ó máa fi fóònù ya ewé kajú ní fọ́tò, a ó sì kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ara rẹ̀ le tàbí àrùn ń bá a jà. Àwọn fọ́tò yẹn la fi ń kọ́ ẹ̀rọ, kí àgbẹ̀ lè na fóònù sí ewé lọ́jọ́ kan kí ẹ̀rọ sì sọ fún un bóyá àrùn wà níbẹ̀. Àwa márùn-ún ni: Jethro, Àìṣát, ọmọ Alàájì Sùlèímánì tí oko wọn wà lẹ́yìn tiwa, Ọlábímtán, tó ń jẹun ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, Success, ọmọbìnrin tí kò ní oko, tí ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àti èmi, Ìdùnnúolúwa. Mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà, n kò ní purọ́. Inú mi máa ń dùn láti àárọ̀ ọjọ́ tí a bá fẹ́ pàdé. A ti gbọ́ pé ẹ̀rọ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ó wá ku àwa ọmọ Kàbà márùn-ún tí à ń rán ẹ̀rọ níṣẹ́.

Oko bàbá Jethro ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ̀yìn odò ló wà, nígbà òjò la sì lọ, ewé ibẹ̀ ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Kò sí àrùn níbẹ̀. Nígbà tó fi máa kan oko ẹ̀gbọ́n bàbá Ọlábímtán, ọyẹ́ ti dé. Etí ọ̀nà Ògìdì ni tiwọn wà, níbi tí àwọn agbaṣẹ́ṣe hú sílẹ̀ tí wọn kò da ọ̀dà sí, tí típà fi ń bu eruku pupa lé gbogbo igi lórí. Àrùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn ti wò ó. A ya fọ́tò tibẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ mìíràn ìbá lọ sóko mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan. Àwa, ẹni tó kàn ló kàn, a kì í fo ènìyàn nínú àáró. Nígbà tí Jethro wá dán ẹ̀rọ wò, nínú ọgọ́rùn-ún ewé, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló gbà. A hó débi pé ọlọ́dẹ ilé-ìwé sáré wá wò wá.

Oṣù kìíní ló kan oko tiwa.

Bàbá mi ló gbin kajú ibẹ̀ kó tó kú. Kajú yẹn ló ń rán èmi àti àbúrò mi ọkùnrin nílé-ìwé. Bó bá so, a ó lọ. Bí kò bá so, a ó jókòó sílé. Kò sí ọ̀nà kejì, Ìyé, ìyá mi, kì í sì í fi pa mọ́ fún wa. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ, Ìyé ró aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì wá sóko. Mo ní, "Ìyé, ewé la fẹ́ yà o, kì í ṣe ẹ̀yin." Ó ní kí n dákẹ́, pé ọjọ́ tí ọmọ òun fi ìwé tó kà ṣe nǹkan lóko bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ àkísà.

Jethro na fóònù sí igi àkọ́kọ́. Fóònù ní àrùn. Ó na án sí ìkejì, àrùn. A lọ láti etí ọ̀nà Ògìdì kan náà dé òpin oko, igi tó ń tanná, tí òórùn òdòdó rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀, àrùn, àrùn, àrùn. A ré kọjá sóko Alàájì Sùlèímánì lẹ́yìn wa: ara wọn le. Ojú Ìyé ti yí padà.

"Ṣé ó lè ràn dé ibí?"

Jethro ní, "Ó lè ràn, Ìyé. Wọ́n ní igi tó bá ti kó o, kí á gé e kí á sun ún ni."

Mo ní kí a ṣe sùúrù, kí a ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn ná. Ìyá mi yíjú sí mi pẹ̀lú ìbínú. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ ọ? Kí ni mo wá ń rán ọ nílé-ìwé fún?" Ó tún wo oko Alàájì. "Èmi kò ní jókòó ti àrùn títí yóò fi wọ oko ẹlòmíràn. Ẹ gé e."

Ọjọ́ Sátidé la gé e. Ọlábímtán yá ẹ̀rọ ìgégi wá, àwa yòókù gbé àdá. Àáró ni, ọwọ́ márùn-ún sì pé. Iṣẹ́ tí bàbá mi fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, àwa fi ọjọ́ kan parí rẹ̀, tòdòdó-tòdòdó ni wọ́n ń wó lulẹ̀, tí oyin ṣì ń bà lé wọn. Ìyé gún iyán fún wa. Ó ń kí wa kú iṣẹ́ pé, "Okun uṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, okun uṣẹ́," bí ẹni pé ebè la ń kọ fún un. Inú bí mi sí iyán yẹn títí dòní.

Alàájì Sùlèímánì gbé àpò gààrí wá kí i nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Tó, Ìyé Ìdùnnú. Ohun tí o ṣe fún mi yìí, ọmọ ìyá mi kò lè ṣe é." Láti ọjọ́ náà ni Ìyé ti rí ibi fi ẹ̀yìn tì. Ó jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni tó bá bá a kẹ́dùn, ó ní, "Kò burú. Ti Alàájì yè." Ó ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ nídìí ààrò, ìgbà mìíràn kò sí ẹni tó bi í.

Oṣù kejì kò tíì parí tí Àìṣát pè wá sóko bàbá rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ sọ pé igi àwọn ti kó àrùn. Ohun tí mo rò ni pé a gé ti Ìyé lásán, àrùn sì tún ràn. Jethro yọ fóònù, òun náà yà á: àrùn. Àìṣát ní bóyá fọ́tò ni kò mọ́. Ó fi etí híjáàbù rẹ̀ nu ewé náà, híjáàbù funfun sì pọ́n. Ó tún ewé kan náà yà.

Fóònù ní ara rẹ̀ le.

A nu òmíràn, ara rẹ̀ le. A wá gbójú sókè. Láàrin wa àti ọ̀nà, kùkùté nìkan ló wà. Igi Ìyé mi ló ti ń gba eruku tẹ́lẹ̀ kó má dé ọ̀dọ̀ Alàájì. Nígbà tí a gé wọn tán, ó rí ọ̀nà kọjá. Gbogbo ewé aláìsàn tí a fi hàn ẹ̀rọ, inú eruku la ti yà á. Gbogbo èyí tí ara rẹ̀ le, òjò ti wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ àrùn rí. Eruku ni a kọ́ ọ, ó sì mọ eruku dáadáa.

Àìṣát ń sọ pé, "Wàláì, Ìdùnnú, wàláì." Success bú sẹ́kún. Jethro ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan nínú láptọ́ọ̀pù. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Ó lọ, kò sì wẹ̀yìn.

Mo bá Ìyé nídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Mo lè dákẹ́. Mo rò ó. Àmọ́ ó gbójú sókè, ó ní, "Ti Alàájì ń kọ́? Ṣé ó ti ń so?" N kò lè gba ìyẹn mọ́ra. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ṣa ẹ̀wà náà tán, ó fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, ó sì wò mí bí ẹni pé mo jìnnà sí i.

Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n?"

"Kò sí, Ìyé."

"Wọ́n ń tanná."

"Wọ́n ń tanná, Ìyé."

Kò sọ̀rọ̀ Jethro, kò bú mi. Ì bá bú mi, ǹ bá dúpẹ́. Ohun tó sọ lẹ́yìn náà ni pé, "Oko Alàájì ló kàn nínú àáró yín. Kò gbọdọ̀ yẹ̀."

Alàájì alára wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àáró náà sílẹ̀, ojú ń ti í láti wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ìyé ní rárá, pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, wọ́n ti ṣiṣẹ́ lóko òun, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe tiẹ̀. Àbúrò mi ti kúrò nílé-ìwé nígbà náà, ó ń bá ọlọ́kadà kan fọ ọ̀kadà. Èmi náà kò tíì san nǹkan kan fún sáà tó ń bọ̀, n kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Nígbà tí a dé oko Alàájì ní oṣù kẹta, kajú ti pọ́n lórí igi, abẹ́ wọn ló yẹ kí a ro kí èso lè ríbi já bọ́ sí. Àìṣát wá, Ọlábímtán wá, Success wá. A pe Jethro, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹnìkan ní ó ti wà l'Ábújá. Kò sí ẹni tó dárúkọ ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó mú láptọ́ọ̀pù dání. Mo mọ̀ pé bí a bá ti ro oko yìí tán, a kò ní pàdé mọ́ láéláé.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni Ìyé dé. Aṣọ oko ló wọ̀, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àìṣát sáré lọ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní àdá náà, kó máa lọ sílé. Ìyé kò fún un.

"Márùn-ún lẹ wá sóko mi. Mẹ́rin ni mò ń wò yìí. Ta ló máa ṣe ti Jethro?"

Ó mú ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ oko wa, ó kẹ̀yìn sí àwọn kùkùté náà, ó sì tẹ̀ síṣẹ́. Kajú ń já bọ́ níwájú rẹ̀. Ó ń ṣà wọ́n, ó ń kó wọn jọ sídìí igi fún Alàájì, kò mú ẹyọ kan.