Àmì Tí Mo Gbàgbé Láti Pa Dé

Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Oorun gbé mi lọ síbì kan lánàá, bí n kò bá sì rọ́ àlá náà fún yín, ara ò ní rọ̀ mí. Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí apá tó kàn yín.

Ẹ ṣáà mọ iṣẹ́ wa. Orúkọ ẹranko àti ewéko kún orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà ò sì mọ èyí tó jẹ́ orúkọ ẹ̀dá yàtọ̀ sí orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Àwa la ní kí gbogbo ayé máa fi àmì kan náà ṣí orúkọ ẹ̀dá níwájú, kí wọ́n sì fi èkejì pa á dé lẹ́yìn, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

Nínú àlá mi, ọ́fíìsì wa yìí ń léfòó lórí odò Amúlé, odò ìlú ìyá mi. Kò yà mí lẹ́nu. Mo bọ́ bàtà, mo rìn wọ odò, mo wọlé, mo buwọ́ lu ìwé pé mo dé. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn orúkọ fúnra wọn ló tò sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ pupa la sì ń so mọ́ wọn, bí àwọn ará ilé wa ti í so ó mọ́ ewúrẹ́ kó má baà sọnù. Ṣùgbọ́n tiwa jẹ́ méjì: ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan ní ìrù. Èmi ni wọ́n kó aṣọ lé lọ́wọ́.

Ewúrẹ́ ló ṣíwájú. Mo so ti ọrùn.

"Ti ìrù ńkọ́?" ló bi mí.

"Ó ń bọ̀," ni mo wí. Ibi tí mo ti fẹ́ mú un ni àga mi ti pè mí pé àgbàdo ti jinná. Mo lọ jẹ àgbàdo. Ta ni kò ní lọ?

Nígbà tí mo padà dé, Alága ti di òbúkọ. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọ́n wọ gíláàsì wọn, wọ́n ń jẹ ìwé ìpàdé tó kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, torí àgbà ni àgbà ń jẹ́.

"Ẹ kú ìjókòó, sà."

"Àwẹ̀ró, káàbọ̀," ni wọ́n wí. "Ìpinnu kẹta yìí dùn gan-an ni. Iyọ̀ díẹ̀ ló kù."

Akọ̀wé wa, Ìyáàfin Ọ̀ṣúngbadé, náà ti hu irùngbọ̀n. Wọ́n ń pe orúkọ, gbogbo ìgbìmọ̀ ń dáhùn pé "mẹ̀ẹ̀ẹ̀," wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé a pé. Ìgbà yẹn ló yé mi: n kò pa Ewúrẹ́ dé, ohun gbogbo tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sì ti di ewúrẹ́.

Ni mo bá gbọ́ ẹkún. Nínú ìgò kékeré tó wà lórí tábìlì mi, ìṣáwùrú kan ń hu ìwo ewúrẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí mọ̀ ọ́n: inú odò Amúlé nìkan la ti rí i, ìyá mi ló fi han Alága, Alága sì fi orúkọ ìyá mi, Ibídùn, sọ ọ́. Wọ́n ti da yanrìn dí odò náà, wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀. Ìyá mi náà ò sí mọ́. Ojú ewé kan ṣoṣo ni orúkọ yẹn kù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Àwẹ̀ró," ni ìṣáwùrú wí, bí ìyá mi ti í pè mí gẹ́lẹ́, "ṣé èmi náà ti di ewúrẹ́? Ẹni tó bá tẹ orúkọ mi láti wá mi, ewúrẹ́ ni yóò rí. Wọ́n á ní kò sẹ́ni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Ó dùn mí wọra. Mo tú gèlè orí mi, mo fà á ya, mo sáré wá ìrù Ewúrẹ́. Alága ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbé ẹsẹ̀."

"Ṣé ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò sí i?"

"Háà, sà! Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ!"

Wọ́n wo inú ìgò náà títí. Omi lé ròrò sójú wọn. "Màmá kan máa ń sè é fún mi, tòun tẹ̀kọ gbígbóná," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n n kò rántí orúkọ wọn mọ́." Wọ́n gbé ẹsẹ̀. Mo na aṣọ, ó ku díẹ̀ kí n so ó, ewúrẹ́ ké, mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ewúrẹ́ aládùúgbò mi wà ní pálọ̀ tòun taṣọ pupa lọ́rùn, torí mo sùn lọ láì ti ilẹ̀kùn. Ìwé ìpàdé tòní ló ń jẹ. Alága, ibi tí orúkọ yín wà ló kọ́kọ́ jẹ. N kò tiẹ̀ lé e, kọ̀ǹpútà ni mo sáré lọ wò. Òótọ́ ni o! Mo ti ṣí àmì níwájú ewúrẹ́ lánàá, n kò pa á dé, gbogbo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló sì ti gbé mì. Mo pa á dé. Mo ṣí ti ìṣáwùrú, mo pa òun náà dé. Mo wá tẹ orúkọ ìyá mi, bí àlejò tó ń wá wọn. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló jáde: Ibídùn, ìṣáwùrú odò Amúlé.

Mo jókòó, mo sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá dìde, mo lé ewúrẹ́ síta, mo ti ilẹ̀kùn.