Ẹ̀rọ Pẹ́ńsù Inú Àgbẹ̀dẹ Genpachi

Ní Miki, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ Japan, ọmọ tí kò bá mọ ọ̀bẹ pọ́n, wọn á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Inazawa Genpachi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ rí láyé. Ọ̀bẹ kékeré tí ń ká sínú èèkù rẹ̀, èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń fi sápò láti máa gbẹ́ pẹ́ńsù, òun ni bàbá bàbá rẹ̀ rọ, òun ni bàbá rẹ̀ rọ, òun náà ni Genpachi rọ títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Àmì ilé wọn, ìyẹ́ ẹyẹ kan nínú òbìrìkìtì, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ bá ti rí i lára ọ̀bẹ, kò tún ní fọwọ́ kan ojú ọ̀bẹ náà wò mọ́. Yóò rà á ni.

Ó wá di ìgbà kan tí àwọn ìyá ọmọ káàkiri ilẹ̀ Japan gbé ohùn sókè pé kí ọmọdé má mú ọ̀bẹ dání mọ́. Àwọn tíṣà gba ọ̀bẹ lápò ọmọ, wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Àgbẹ̀dẹ tó máa ń dún bí òjò lórí páànù láti àárọ̀ wá ń dún bí ìgbà tí omi bá ń kán tó, tó, tó, lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Genpachi bí, obìnrin ni, Suzue lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń to òdòdó sínú ìkòkò, ẹwìrì ni Suzue ń fẹ́ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ wí pé, “Pẹ́ńsù ò kú o. Ohun tí wọn ó fi gbẹ́ ẹ ni wọ́n ń wá.” Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán.

Ohun tó yà nìyí. Pẹ́ńsù yóò wọ ihò láti ọwọ́ òsì, èékánná irin yóò sì dì í mú bí ẹni di ọmọ lọ́wọ́ mú sọdá títì. Nínú ikùn ẹ̀rọ náà, irin méjì tí a gbẹ́ eyín sí lára ní lílọ́ bí okùn yóò fẹ̀gbẹ́ ti pẹ́ńsù, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí èèyàn bá ti ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ tó wà lápá ọ̀tún, irin méjèèjì á máa sáré yí pẹ́ńsù ká, wọ́n á sì máa jó òòyì lórí ara wọn, bí ọmọ tí inú rẹ̀ dùn tó ń yí ìyá rẹ̀ po. Ohun tí wọ́n bá fá kúrò á bọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kékeré nísàlẹ̀. Nígbà tí ẹnu pẹ́ńsù bá mú tán, irin ò ní rí nǹkan jẹ mọ́, ọwọ́ ẹ̀rọ á fúyẹ́, ọmọ á sì mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ó tó. Ojú irin tó mú bí ọ̀bẹ ni, ṣùgbọ́n ìka ọmọ kankan kò lè dé ibẹ̀.

Genpachi wo àwòrán náà láti òkèèrè, bí ẹni wo aṣọ tí kò ní í rà.

“Kí lèyí? Ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀wà?”

“Pẹ́ńsù ni yóò máa gbẹ́, Bàbá.”

“Hẹ̀n. Pẹ́ńsù wo ló sunkún lọ bá ọ pé òun fẹ́ wọ inú àpótí?”

Tamejiro dá sí i. Ó ti ń bá Genpachi ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó bí Suzue. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó ṣe é. Bí kò bá gbẹ́ pẹ́ńsù, a ó fi lọ ata.”

“Ìwọ náà wá síbí. Ẹnu ẹ là bá fi gbẹ́ pẹ́ńsù, ó mú ju ohunkóhun tó o rọ lọ.”

Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, tí yìnyín bo òrùlé, ojú kan náà ni Suzue ń lù. Irin tó kọ́kọ́ gbẹ́ jẹ pẹ́ńsù jágbajàgba. Genpachi gbé e sókè, ó ní, “Eku ilé wa ti rí iṣẹ́ ìjọba.” Èyí tó tẹ̀ lé e fá igi dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹ́ dúdú inú rẹ̀. Suzue tún ń lù ú.

Lọ́jọ́ tó wá ṣe tán, àwọn ará àdúgbò ya wọlé, àwọn tí ń rọ ayùn, àwọn tí ń rọ ìfági, gbogbo wọn alágbẹ̀dẹ ọmọ alágbẹ̀dẹ. Olúkúlùkù ki pẹ́ńsù bọ̀ ọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó ń fà á yí wá sí àyà ara rẹ̀. Igi ń ká jáde wínníwínní, òórùn rẹ̀ gba inú ilé kan. Bàbá aláyùn tó wà ní ìkángun òpópónà fi ẹnu pẹ́ńsù gún àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ wò, ó pariwo, “Yéè!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Genpachi gba pẹ́ńsù náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“Ó mú,” ó wí.

Lẹ́nu Genpachi, odindi àsè nìyẹn. Suzue rò pé ibi tó yẹ kí òun ti sọ ọ́ nìyí.

“Bàbá, mo fẹ́ kí àmì ilé wa wà lára ẹ̀.”

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Tamejiro bẹ̀rẹ̀ sí í gbá igi wínníwínní ilẹ̀ jọ.

“Ara ọ̀bẹ ni àmì ilé yìí ń wà,” Genpachi wí.

“Ọ̀bẹ wà nínú ẹ̀, Bàbá.”

“Ọ̀bẹ tí èèyàn ò rí?” Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. “Gbọ́ mi. Ilé-ìwé etí odò ní bí ó bá dára, àwọn ó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sí kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Èmi fúnra mi á bá ọ lọ. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá lò ó lójú mi, tí ohun tó jáde ò tì mí lójú, n ó lu àmì sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo paná àgbẹ̀dẹ yìí nìyẹn. Bí bàbá mi ṣe fi orúkọ yìí lé mi lọ́wọ́, n ó tẹ́ ẹ sùn pẹ̀lú ẹ̀yẹ ni. N kò ní fi ta àpótí.”

“Mo ti gbọ́, Bàbá.”

Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Tíṣà Orito, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó fọ̀wọ̀ wọ̀ wọ́n, ti to àwọn ìyá ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Genpachi wọ kìmónò rẹ̀ tó dára jù, ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò jókòó. Suzue gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni bí wọn ó ṣe lò ó. Ohun tó dára, ó yẹ kó lè júwe ara rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Michiyo ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó ki pẹ́ńsù bọ inú ihò, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó tì í síwájú, ó ń yí i lọ bí ẹni ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́. Ó yí, ó yí. Nígbà tó fà á yọ, ẹnu pẹ́ńsù rí róbótó bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, àfi pé ó ń dán.

Ọmọkùnrin kan na ọrùn wò ó. “Ó mà dán o! Ó dán bí orí bàbá mi àgbà!”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọkùnrin náà fi tirẹ̀ sí i, ó tì í síwájú, tirẹ̀ náà jáde ní dídán. Ẹ̀kẹta tún tì í síwájú.

Suzue sún mọ́ tábìlì. Ó fẹjú mọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń wò mọ́. Síwájú. Gbogbo wọn, síwájú. Ó wá yé e. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, fífà ni wọ́n ń fa ayùn lọ́dọ̀ wọn, fífà ni wọ́n ń fa ìfági. Irin tó bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ olówó rẹ̀ ló ń bọ̀. Bó ṣe gbẹ́ eyín irin náà nìyẹn, kó lè jẹ igi nígbà tí ọwọ́ bá ń bọ̀ wálé. Àwọn tó sì yẹ̀ ẹ́ wò, alágbẹ̀dẹ ni gbogbo wọn pátá. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò ó rí pé ọwọ́ èèyàn lè fi títì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n bá sì tì í, ẹ̀yìn eyín ni yóò máa ra pẹ́ńsù lára.

Tíṣà Orito rọra sún mọ́ ọn. “Ṣé kí n ní kí wọ́n máa yí i wá sẹ́yìn ni?”

Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ì bá sì parí síbẹ̀. Suzue wo àwọn ọmọ, ó wo ẹnu ilẹ̀kùn.

“Rárá, Tíṣà. Àwọn ọmọ ò ṣàṣìṣe. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbé e padà lọ.” Ó tẹrí ba títí irun rẹ̀ fi bo ojú rẹ̀.

Lórí afárá, Genpachi dúró.

“Ṣebí kó o kàn ní kí wọ́n yí i wá sẹ́yìn.”

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ọ̀bẹ tí ẹni tó rọ ọ́ gbọ́dọ̀ dúró tì kó tó lè gé nǹkan, ayédèrú ọ̀bẹ ni.”

“Èmi? Mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ fi bú Ẹ̀gbọ́n Tame lójú àwọn oníbàárà.”

“Ta ló rán ọ ní rírántí?” Genpachi fi ojú sí odò. “Iná ṣì ń jó. Ṣùgbọ́n bí òdòdó sàkúrà bá tanná tó o kò tíì ṣe tán, tí wọ́n wọlé sáà tuntun, mo pa á.”

Tamejiro ti ní ọgbọ́n tirẹ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. “Ya ọfà sí i lára! Ọfà kan péré, kó kọjú síbi tí wọn ó yí i sí. Ó tán!”

“Ẹ̀gbọ́n Tame, bí wọ́n bá ya ọfà sára ife ọtí yín, ṣé ẹ ó wò ó kí ẹ tó gbé e mu?”

Tamejiro yí orí. “Kò burú. Fi eyín irin kan kún un nínú, kó máa yí ìrìn rẹ̀ padà.”

“Á wúwo lọ́wọ́ ọmọdé.”

Ohun kan ló kù. Kó tún irin méjèèjì gbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí eyín wọn kọjú sí òdìkejì, kí lílọ́ wọn náà yí padà. Fáìlì tí a fi ń ha irin, tó ti ń fà láti kékeré, ó di dandan kó máa tì í. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, nítorí náà Tamejiro ló ń fi ẹ̀mú di irin mú fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ fífà dàgbà kò fẹ́ gbọ́ èdè míì. Ó ń yẹ̀, ó ń bu eyín jẹ. Irin tó bàjẹ́ ń ga lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Orí ẹní ni Genpachi wà, tó ń mu tíì ọkà bálì rẹ̀. “O di fáìlì yẹn mú bí ẹni ń kí olè.”

Suzue mú irin mìíràn. Ní ọjọ́ mìíràn, Genpachi tún wò ó. “Ó ti ń kí àna báyìí.”

Kò fi ìka kàn án. Suzue náà ò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá sú u, á jáde lọ dúró lójú títì, á máa wo bí àwọn ọmọ ṣe ń ti táyà kiri, bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn láìbìkítà. Gbogbo ayé wọn, títì ni. Á rẹ́rìn-ín, á padà sídìí irin. Lọ́jọ́ kan, fáìlì lọ síwájú ní ọwọ́ rẹ̀ láìyẹ̀, ó dún gbọọrọ, Tamejiro sì fọhùn pé, “Hẹ̀! Ó ti gbọ́ èdè!”

Sàkúrà tanná létí odò, ó funfun bí ẹni da ìrẹsì sórí igi. Wọ́n tún bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé. Michiyo ló tún kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ó ń fura. Ó tì í. Ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Ó fà á yọ, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Ó gbé pẹ́ńsù náà sókè kí gbogbo kíláàsì rí i.

Ọmọkùnrin tó sọ̀rọ̀ orí bàbá rẹ̀ àgbà ti sáré dé ìdí ẹ̀rọ. Ó ń yí, ó dúró lójijì. “Ó ti fúyẹ́! Ó ti tó!” Kò sì sẹ́ni tó sọ fún un.

Ìgbà náà ni ìlà wá gùn. Àwọn tí pẹ́ńsù wọn mú tẹ́lẹ̀ ń ṣẹ́ ẹ mọ́ tábìlì kí wọ́n lè tún tò. Tíṣà Orito bá wọn wí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi mú pẹ́ńsù pupa rẹ̀ wá, tó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni.

Genpachi kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ yà fún un. Ó tọrọ pẹ́ńsù lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ó kì í bọ̀ ọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀rọ mú, ó sì fà á wá sí àyà rẹ̀ bó ti fa gbogbo nǹkan láyé rẹ̀. Ó fà á títí. Pẹ́ńsù jáde, ó ń dán.

“Síwájú ni, Bàbá àgbà!” ọmọkùnrin náà ké. “Síwájú! Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?”

Àwọn ìyá ọmọ ń wo ilẹ̀.

Genpachi tún kì í bọ̀ ọ́. Ó tì í síwájú, ọwọ́ rẹ̀ ń kọsẹ̀ bí ẹni wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ó ń yí i títí tó fi fúyẹ́. Ó gbé ẹnu pẹ́ńsù sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó fi èékánná tọ ara igi náà, ó wá ibi tí irin ti ha á, kò rí i.

“Kì í ṣe ọwọ́ mi lo ṣe é fún,” ó wí.

“Kì í ṣe tiyín, Bàbá. Tiwọn ni.”

Genpachi mi orí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé pẹ́ńsù náà fún ọmọkùnrin yẹn, bó ṣe máa ń gbé ọ̀bẹ tuntun fún oníbàárà tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó wá yíjú sí àwọn ìyá ọmọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ ó sọ ọ́.

“Ọmọ mi ló ṣe é.”

Suzue ti ń tú irin méjèèjì jáde. Ó tẹ́ aṣọ, ó gbé wọn lé e, ó sún wọn síwájú bàbá rẹ̀ kó lè lu àmì sí wọn.

“Kó wọn kúrò níwájú mi,” Genpachi wí. “Irin tó ti mu omi, tó ti le, kì í gba àmì mọ́, á kàn fọ́ ni. Ṣé èyí náà ni n ó tún kọ́ ọ? Àwọn tó o máa rọ fún àwọn kíláàsì yòókù, mú wọn wá bá mi kó o tó rì wọ́n sínú omi.”

“Irin òkè ni kí n mú wá, Bàbá, àbí ti ìsàlẹ̀?”

“Méjèèjì! Àbí ọ̀kan ni ò ní bàbá nínú wọn?”