Ṣọ́ọ̀ṣì Tí Wọ́n Fi Ẹṣin Wọ́

Reluwé kọ̀, kò gba ìlú wa kọjá. Apá gúúsù ló gbà, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi koríko, ó sì fi àwa ará Nordby sílẹ̀ láàárín pápá bí ọmọ tí kò ní baba. Àlìkámà wa kò lè dé ọjà mọ́. Nígbà tí òtútù mú ilẹ̀ le bí irin, a ṣe ohun tí gbogbo ìlú tó wà ní ilẹ̀ Dakota ń ṣe: a ti ìtì igi sábẹ́ ilé, a so ẹṣin mọ́ ọn, a sì ń wọ́ ilé lọ bá reluwé lórí yìnyín. Èmi gan-an gbé kọfí kaná nínú ilé mi bó ṣe ń rìn lọ.

Ó wá ku ṣọ́ọ̀ṣì. Aslak, àgbàlagbà kan láàárín wa, ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n sin Gunhild ìyàwó rẹ̀ sí, ó sì ti ṣèlérí fún un kó tó kú pé òun kò ní jẹ́ kó dá wà nínú pápá yẹn. Mo mọ Gunhild dáadáa. Gbogbo ayé rẹ̀ ni pápá náà fi ń bà á lẹ́rù.

Àwọn ọkùnrin wa kò gbọ́. Torvald, ọmọ bíbí inú Aslak, ló ṣáájú wọn, torí ó ti ra ilẹ̀ lẹ́bàá reluwé. Nígbà tí wọ́n dé, Aslak ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́rí, ó sì yọ ẹnu ìbọn lójú fèrèsé.

Torvald ní, "Bàbá, ẹ jáde. Òkú ò mọ ẹni tó lọ."

"Ìyá tó bí ẹ lò ń pè lókùú yẹn," Aslak dá a lóhùn.

"Ẹ jókòó síbẹ̀ nígbà náà. Ẹ ó gun ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀lú bí ọba."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní wọn ò lójútì. Wọ́n na ẹṣin, ṣọ́ọ̀ṣì sì ṣí kúrò nílẹ̀.

Aslak yìnbọn. Ẹṣin iwájú ni ọta bà, ẹjẹ̀ sì ta sórí yìnyín. Àwọn ẹṣin yòókù ya wèrè, wọ́n forí lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò. Okùn gbá Torvald lẹ́sẹ̀, ó ṣubú síwájú ìtì igi, ṣọ́ọ̀ṣì sì gorí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú bàbá rẹ̀ nínú. A gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì fọ́ yángá létí odò. Aslak rá jáde láàárín pákó, àwọn ọkùnrin sì fi ẹsẹ̀ àti ìdí ìbọn lù ú títí eyín rẹ̀ fi dà sílẹ̀. Èmi ni mo sáré gbé àáké, mo ní n ó la orí ẹni tó bá tún nà án. Inú ń bí mi sí gbogbo wọn, títí kan Aslak.

Wọ́n fẹ́ gbé òkú Torvald lọ sí itẹ́ òkú tuntun lẹ́bàá reluwé. Aslak kọ̀. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni kí wọ́n sin ín sí. A dáná sórí ilẹ̀ kó lè rọ̀, a sì fi díígà gbẹ́ ẹ.

Nígbà tí a bò ó tán, mo gun ọkọ̀ ẹṣin mi. Aslak gbé àpò rẹ̀, ó wá dúró tì mí.

"Gunhild ò dá wà mọ́," ó ní. "Mo lè máa bá yín lọ."

Mo sún fún un lórí ìjókòó. Kò wẹ̀yìn.