Láàárín Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀

Ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo la fi máa ń gba ètò ọ̀sẹ̀ kan gbáko sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sídìí tẹlifíṣàn ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ rò pé Lionel Tattersall ń sùn, ó ń jí, ó sì ń wá bá yín lójoojúmọ́. Irọ́ ni. Èmi Noreen ni mo ń bá a pààrọ̀ jákẹ́ẹ̀tì. Tó bá wọ aláwọ̀ ewé, ọjọ́ Ajé nìyẹn. Tó bá wọ aláwọ̀ eérú, ó ti di Ìṣẹ́gun. Ìwọ̀nba àkókò téèyàn lè fi mu tíì ló wà láàárín ọjọ́ kan sí èkejì. Àwọn tó wá díje náà máa ń kó oríṣiríṣi aṣọ wá láti ilé, torí ẹni tó bá borí gbọ́dọ̀ padà wá "lọ́la".

Lionel kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ yìí. Ó ti pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín ní àgọ́ ìsinmi etí òkun, ó ti ṣe ọlọ́pàá nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan títí wọ́n fi yìnbọn pa á níbẹ̀, kí wọ́n tó wá gbé ètò ìdíje Kí Ló Kù? lé e lọ́wọ́, tó sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Síbẹ̀, eré ṣíṣe ló wù ú. Ìgbà kan, wọ́n ní kó ṣe bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú. Omijé kọ̀, kò jáde. Àfìgbà tí wọ́n fi nǹkan tó ń ta ni lójú ra á lábẹ́ ojú kó tó rí ẹkún sun. Àwọn oníwèé ìròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ìtàn náà, á sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń dùn ún.

Lọ́jọ́ Àìkú tí mò ń sọ yìí, nínú oṣù kẹfà, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi nítorí wọn kì í jẹ́ kó mú un dé iwájú kámẹ́rà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Hilda, àbúrò rẹ̀ obìnrin, pè láti Fleetwood, níbi tí bàbá wọn ti ń ṣàìsàn.

"Noreen, ṣé ẹ̀gbọ́n mi wà nítòsí? Sọ fún un pé mímí bàbá ti yàtọ̀ o. Kó máa bọ̀ báyìí-báyìí."

Mo gbé fóònù fún un. Ohùn Hilda le débi pé èmi náà ń gbọ́ ọ. "Láti Manchester síbí, ṣé ìrìn àjò nìyẹn ni? Àbí o fẹ́ kí n gbé bàbá wá bá ọ níbẹ̀, kó wá jókòó láàárín àwọn tó ń pàtẹ́wọ́?"

"Mo gbọ́, Hilda. Jẹ́ ká ṣe ẹyọ kan sí i, mò ń bọ̀."

Inú bí mi. "Ẹyọ kan sí i kẹ̀? Lionel, ṣé bàbá ẹ ló ń kú ni, àbí bàbá tèmi?"

"Obìnrin tó ń díje yẹn ti Hull wá, Noreen. Ó ti borí lẹ́ẹ̀mejì. Jọ̀ọ́, bá mi di táì."

Mo bá a dì í. Mo dì í le ju bó ṣe yẹ lọ.

A ṣe Ọjọ́rú. Bó ṣe ń bọ̀ wá bọ́ṣọ ni Hilda tún pè, èmi ni mo sì gbé e. Kò sunkún. Ó ní, "Ó ti lọ. Sọ fún un kó má wulẹ̀ sáré mọ́."

Mo sọ fún un bó ṣe rí, mi ò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ti bọ́ jákẹ́ẹ̀tì Ọjọ́rú, ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù lọ́rùn rẹ̀, ó ń wá bọ́tìnnì tó ti tú tẹ́lẹ̀. Giles, ọ̀gá ètò wa, sáré wọlé. Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Ọ̀gá Lionel, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. A ó dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

"Àwọn èrò tó jókòó ńkọ́?"

"A ó ní kí wọ́n máa relé. Kò sí ohun tó jẹ́ tuntun níbẹ̀."

Lionel kọjú sí mi. "Ọjọ́ wo ló kàn?"

"Ọjọ́bọ̀," ni mo wí.

Ó na apá méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ láṣọ lọ sílé ìwé. Mo fi jákẹ́ẹ̀tì búlúù wọ̀ ọ́, ó sì jáde lọ bá wọn.

Àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ti Lionel kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ni ẹ̀rín tiẹ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ náà bó ṣe máa ń ṣe é. Ó bi Ìyáàfin Pargeter, ará Hull náà, bóyá ó sùn dáadáa mọ́jú. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní òun sùn fọnfọn.

"Ta ló ń wò yín nílé?"

"Bàbá mi ni! Wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Wọn ò gbọ́ràn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ètò yín fo àwọn ru."

"Bàbá, ẹ kúrọ̀lẹ́ o! Ẹ ní kí wọ́n bá yín yí ohùn sókè!"

Ẹ̀rín sọ. Nígbà tó yá, obìnrin náà fìdí rẹmi lórí ìbéèrè tó kẹ́yìn. Lionel gbá a mọ́ra, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí gan-an." Kò sẹ́ni tí kò ní gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà a ṣe ti ọjọ́ Ẹtì, ó sì wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lọ sí Fleetwood.

Níbi ìsìnkú, àwọn kan ní kí ó bá àwọn ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì bá wọn yà á, ó fi eyín han kámẹ́rà. Mo bi í léèrè bó ṣe rí lára rẹ̀. Ó ní ó dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eyín gún lábẹ́rẹ́. Èèyàn mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò kàn mọ̀ ọ́n lára ni.

Oṣù kọkànlá ni ètò ọ̀sẹ̀ náà tó jáde. Lionel pè mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pé òun fẹ́ wá wo ti Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nílé mi.

"Ìwọ tí o kì í wo ara ẹ?" ni mo wí.

"Mo fẹ́ rí ibi tó ti dùn mí."

Mo ní kó ṣàlàyé. Ó ní, "Ọ̀gá kan tó kọ́ mi léré sọ pé kámẹ́rà máa ń rí ohun tí èèyàn ò mọ̀ pé ó wà lójú òun. Mi ò tíì sunkún, Noreen. Hilda ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní òkúta ni mí, kò sí èèyàn nínú mi. Tí mo bá rí i, bó ti wù kó kéré tó, màá fi hàn án."

A wo ti Ọjọ́rú tán. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àga sún mọ́ tẹlifíṣàn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Lionel inú tẹlifíṣàn jáde nínú jákẹ́ẹ̀tì búlúù, ó juwọ́, ó ṣẹ̀fẹ̀, ó kí bàbá oníbàbá. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀ nígbà tó rò pé kámẹ́rà ti kúrò lára òun. Àwọn èèyàn wa ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú yẹn.

"Ìwọ ńkọ́?" ló bi mí. "Ṣé o rí nǹkan?"

Irọ́ ti dé ẹnu mi. Mo lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n á tún un wò, Hilda náà á sì wò ó.

"Mi ò rí nǹkan kan, Lionel."

Ó mi orí. Ó ń wo ara rẹ̀ bó ṣe gbá Ìyáàfin Pargeter mọ́ra. Ó ní, "Wò ó, mo mọ̀ ọ́n ṣe." Lẹ́yìn náà orúkọ gbogbo àwa tó ṣe ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùnkè lójú tẹlifíṣàn, ó sì kà wọ́n títí wọ́n fi tán.

"Bóyá ó wà nínú ti ọ̀la," ló wí.

Èmi ni mo wọ̀ ọ́ láṣọ ọjọ́ Ẹtì. Mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó tètè dé lọ́la, mo máa din ẹja àti ọ̀dùnkún.