Ẹni Tó Gba Ọmọ Ọ̀bọ Tọ́

Nígbà tí màmá Akínbíyìí dé láti Iléṣà, wọn ò sinmi. Wọ́n mu omi, wọ́n ká ìró sókè, ó di ilé ìdáná. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, ojú wọn kì í sì í gba ìdọ̀tí. Kí Ìkẹ́olúwa, ìyàwó ọmọ wọn, tó ti yunifásítì dé sílé ní Rumuomasi, wọ́n ti fọ ìkòkò, wọ́n ti nu ògiri, wọ́n sì ti palẹ̀ fírísà mọ́.

“Ìyàwó mi, mo bá àwọn ọ̀rá kéékèèké kan lábẹ́ ẹja yín,” ni màmá wí. “Ohun tó wà níbẹ̀ ti dúdú. Mo ti dà á nù, àwọn akólẹ̀ sì ti gbé e lọ.”

Ìkẹ́olúwa wá àga jókòó. “Mà, ìgbẹ́ ọ̀bọ ni.”

Màmá wò ó títí. “Ìgbẹ́ kí ni?”

Akínbíyìí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti báǹkì wọlé, gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rọra gba inú yàrá lọ. Ó mọ̀ nípa ọ̀rá wọ̀nyẹn tipẹ́, ó kàn ń jẹ ẹja ẹ̀ lọ ni.

Ìkẹ́olúwa bá ṣàlàyé. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló ń kà ní yunifásítì, àwọn ọ̀bọ tó wà nínú igbó kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Onne ló sì ń tẹ̀ lé. Kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ń gbé nínú ìfun gbogbo wọn, òun ló ń jẹ́ kí oúnjẹ dà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bí kòkòrò wọ̀nyí ṣe ń ti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ṣé látara ìyá ni? Ṣé níbi tí wọ́n ti ń ṣa iná inú irun lára ara wọn ni? Àbí nínú èso tí wọ́n jọ ń jẹ? Lásìkò òjò tó kọjá ni wáyà iná pa abo ọ̀bọ kan, tó fi ọmọ sílẹ̀. Abo àgbà kan tí etí rẹ̀ ya ló gba ọmọ náà mọ́ra. Láti ìgbà náà ni Ìkẹ́olúwa ti ń kó ìgbẹ́ ọmọ yìí jọ, kó lè mọ̀ bóyá kòkòrò inú rẹ̀ yóò yí padà di ti ẹni tó gbà á tọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ kó ti wà ní Ìbàdàn fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ iná yunifásítì ló bàjẹ́ tó fi gbé àwọn tó kù wálé.

Màmá fa àga sún mọ́ ọn. Wọ́n ní, “Má bínú, ọmọ mi. Ṣé ọ̀bọ náà ṣì ń yàgbẹ́?”

“Ó ń yà á, mà.”

“Ó dáa. Lọ́la a jọ ń lọ.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá wọ bàtà rọ́bà, wọ́n dé àkẹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ṣọ́ igbó rí wọn, ẹ̀rín ń pa á. “Mama, no near dem o.”

“Na dem go near me,” ni màmá dá a lóhùn. Ẹnu yà Ìkẹ́olúwa, kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ pijin.

Wọ́n dúró lábẹ́ igi. Lókè, ọmọ náà so mọ́ ikùn Etí Yíya, abo mìíràn jókòó tì wọ́n, ó ń ṣa iná lára ọmọ, ó ń sọ ọ́ sẹ́nu, ó tún ń fọwọ́ kan náà ṣa á lọ.

“Ìyàwó bàbá mi ló tọ́ èmi náà,” ni màmá wí jẹ́jẹ́. “Mi ò mọ ojú ìyá mi.”

Ìkẹ́olúwa ò tíì gbọ́ èyí rí. Bó ṣe yíjú sí wọn, nǹkan já bọ́ sí èjìká màmá. Ọmọ ọ̀bọ ti ṣe tirẹ̀.

Màmá ò mira rárá. “Ìkẹ́, mú ọ̀rá wá kí n tó bà á jẹ́.”

Ìkẹ́olúwa bú sẹ́rìn-ín, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó kó o tán, ó wá fi ọṣẹ fọ èjìká ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Màmá, tí wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan làwọn fẹ́ lò, lo oṣù méjì gbáko, wọn ò sì jẹ́ kí Ìkẹ́olúwa dá nìkan lọ sígbó mọ́.

Èsì dé lẹ́yìn tí wọ́n ti padà sí Iléṣà. Ìkẹ́olúwa pè wọ́n lórí fóònù.

“Mà, ó yí padà. Kòkòrò inú ọmọ náà ti jọ ti Etí Yíya àti ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣa iná fún un. Àwọn tí wọ́n kàn jọ ń jẹ èso, tí wọn kì í fọwọ́ kàn án, tiwọn ò pọ̀ níbẹ̀. Àlàfo wà láàárín, níbi tí èyí tó sọnù yẹn yẹ kó wà, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó hàn kedere.”

“Ti ìyá tó bí i ńkọ́? Ó ti tán pátápátá?”

“Rárá, mà. Ó ṣẹ́ kù díẹ̀.”

Ìkẹ́olúwa ń gbọ́ bí àwọn adìyẹ ṣe ń ké lẹ́yìnkùlé màmá.

“Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ńkọ́?” ni wọ́n wá béèrè.

“Ó ti ń fò láti igi sí igi. Ó tiẹ̀ já èso gbà lọ́wọ́ Etí Yíya lánàá.”

“Aláìgbọràn,” ni màmá wí, ó sì hàn nínú ohùn wọn pé inú wọn dùn.