Bàbá Ti Wàjà

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tí a gbọ́ sódì ní ọ́fíìsì wa ní Beltsville ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù lu àwọn ènìyàn tó ń ṣọ̀fọ̀ ọba wọn.

Iṣẹ́ wa ni láti gbọ́ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ lórí fóònù, kí a sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìjọba. Kò sí pátákó lára ilé náà. Ilé ìkẹ́rùsí ló jọ, àwọn tó ń ta táyà ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kí n tó débẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń gbé aláìsàn, tí mo ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀ jálẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé. Ìyókù, èmi fúnra mi ni mo fi Bíbélì àti ìwé ìròyìn kọ́ ara mi. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jókòó ṣe, mo dúpẹ́, mo sì jókòó.

Wọ́n mú mi búra, nítorí náà n kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà. Ó bá Nàìjíríà pààlà, àwọn Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ìjọba wọn ti mú sójà Amẹ́ríkà méjì sí àhámọ́. Àwọn aṣojú ìjọba méjèèjì ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú òkèèrè, àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà sì ti wà lójú òkun, wọ́n ń dúró. Ẹni tó ń ṣe agbẹnusọ fún àwọn ará ọ̀hún, ọmọ ọba ni. N ó pè é ní Ẹkúndayọ̀. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé, fóònù Ẹkúndayọ̀ dún, ó jáde lọ dáhùn. Nígbà tó padà wọlé, kò jókòó mọ́. Ó ní ilé ń pe òun. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ ọkọ̀ òfurufú padà sí olú-ìlú wọn, ìpàdé sì tú.

N kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo wà ní Baltimore lọ́dọ̀ Ànúolúwapọ̀, ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìtùnú ló gbọ́ ìpè náà. Capitol Heights ni wọ́n bí Ìtùnú sí, lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, ó sì gbọ́ ọ ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síhìn-ín lọ. Ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ lójú gbogbo ọ́fíìsì. Mo máa ń ní kó dìde kó má ba ṣòkòtò rẹ̀ jẹ́, inú mi á sì máa dùn.

Ọjọ́rú ni mo padà. Mo ka ohun tí Ìtùnú kọ kí n tó gbọ́ ohùn fúnra rẹ̀. Bí a bá dá a padà sí Yorùbá, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé: bàbá àgbàlagbà náà ti gun òkè àjà lọ, kí wọ́n ti ọjà, kí obìnrin kankan má jáde, kí àlejò má wọ ìlú, kí gbogbo ẹni tó bá ní ìbọn gbé e wá sí iwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Joel, ọ̀gá wa, ọkùnrin dúdú ọmọ Oxon Hill kan tó ti ṣe sójà rí, béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kí n tó dáhùn mo ti ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ̀rín náà tán lẹ́nu mi.

Ojú ìwé kejì ni ohun tí àwọn ọ̀gá ńlá ológun tó wà lódìkejì odò ti fi iṣẹ́ Ìtùnú kọ. Wọ́n ní bàbá àgbàlagbà náà ni ọ̀gágun tó mú àwọn sójà méjèèjì, pé ó ti gun ibi gíga láti darí ogun. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí Ẹkúndayọ̀ fi dìde. Wọ́n ti ya àwòrán láti ojú ọ̀run, wọ́n rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tó ń péjọ síwájú ilé ńlá kan ní ìlú náà. Wọ́n ní ó dá àwọn lójú ní “ìwọ̀n gíga”, pé Amẹ́ríkà yóò “fèsì tó bá a mu” ní Ọjọ́ Ẹtì kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́hùn-ún. Bọ́ǹbù ni wọ́n ní lọ́kàn. Ẹni tó bá fẹ́ pa ènìyàn, kó pè é ní pípa, kí gbogbo wa lè mọ ohun tí à ń ṣe.

Mo fi ẹ̀rọ sétí. Ohùn ìjòyè àgbà kan ni. Ó ní, “Ọmọ ọba, Bàbá ti wàjà.” Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ẹkúndayọ̀ náà dákẹ́. Ó pẹ́ kí ìjòyè tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ètò yòókù. N kò tíì gbọ́ ibi tí àwọn tó fẹ́ jagun ti ń dákẹ́ fún ara wọn báyẹn.

Mo pe Ìtùnú, mo ní kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ó ní Bàbá ti wọ àjà, Anti.”

Mo bi í pé àjà wo. Ó ní bíi ti ilé màmá àgbà àwọn ni, níbi tí wọ́n ń kó igi Kérésì sí. Gbogbo oṣù Kejìlá ni màmá ń ní kí òun gun àjà lọ bá àwọn gbé e wálẹ̀.

“Ìtùnú,” mo ní, “ọba kì í kú. Ọba máa ń wàjà ni.”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ṣàlàyé fún Joel pé nílé wa, bí ọba bá kú, a kì í sọ ọ́. Wọ́n á ti ọjà, obìnrin á wọlé, ìbọn á dún, gbogbo ọkùnrin á lọ sí ààfin. Gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá kà sí ogun, òkú ni ará ìlú fẹ́ sin. Ilé ńlá tó wà nínú àwòrán, ààfin ni.

Joel béèrè bó ṣe dá mi lójú tó, kékeré ni, àárín ni, tàbí gíga. Mo ní n kò mọ ìyẹn. “Ọba ti kú, Joel. Ó parí.”

Ó ní ìwé tó bá ti gòkè lọ kì í rọrùn láti fà wálẹ̀, àfi kí ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé òun ṣì í. Gbogbo wa mọ̀ pé oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ pinnu bóyá Ìtùnú yóò máa bá iṣẹ́ lọ. Mo sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò ní fipá mú un. Ó fà bébà sọ́dọ̀, ó kọ ọ́ pé: Èmi ni mo ṣì í gbọ́. Ó fọwọ́ sí i. Mo ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tí wọn kò lè kọ ìlà yẹn bí wọ́n pa aláìsàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà títí dòní.

Èmi náà kọ tèmi: Ọba ìlú náà ti kú. Àwọn ọkùnrin náà wá ṣọ̀fọ̀ ni. Ẹ má ju bọ́ǹbù. Joel ní wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn fún àwọn ọ̀gá. Ó wò ó títí, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí òun bá tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n á ní kí òun dúró lórí fóònù. Ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Wọ́n bi í ní ìbéèrè bí ọ̀daràn. Ẹni tó gbà á sílẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn aṣojú tó jókòó kọjú sí Ẹkúndayọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin yẹn ní òun rí i pé ojú Ẹkúndayọ̀ pọ́n nígbà tó padà wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi òun.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Joel wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù àná lọ́rùn. “Wọ́n ti dá a dúró, Miss Kẹ́mi.” Ó gbé kọfí síwájú mi, ó ti da ṣúgà kún un. N kì í mu ṣúgà. Mo mu ún tán.

Ní ọjọ́ Àìkú mo jáde síwájú ìjọ wa ní Oxon Hill láti dúpẹ́. Pásítọ̀ na máíkì sí mi, ó ní kí n sọ ohun tí Olúwa ṣe. Mo ní, “Ó ṣe é.” Ó dúró kí n máa bá a lọ. Mo ní, “Ó ṣe é gan-an, sà.” Wọ́n rò pé ọmọ tuntun Ànúolúwapọ̀ ni, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì jó débi tí ẹ̀yìn mi fi rán mi létí ara rẹ̀. Lóòótọ́ ni mo dúpẹ́. Ènìyàn ń bẹ láàyè ní ìlú yẹn tí kò ní mọ̀ láé pé àwọn ìbá ti kú. Àwọn sójà méjèèjì náà délé ní oṣù tó tẹ̀lé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni yìnbọn.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo wá gbọ́ ìpè kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n dá bọ́ǹbù dúró, àwọn ọ̀gá fẹ́ ṣe dáadáa. Wọ́n kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn, aṣojú Amẹ́ríkà gbé e lọ fún ààrẹ ibẹ̀ pẹ̀lú òdòdó, rédíò sì kà á ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́tà náà dùn púpọ̀. Àwọn afọbajẹ kò tíì sọ fún ará ìlú pé ọba wàjà. Ètùtù kò tíì parí. Ẹnu àlejò ni ìlú ti gbọ́ pé ọba àwọn kú.

Èmi ni mo kọ ọ́ pé ọba ti kú. N kò kọ ọ́ pé kí wọ́n má tíì sọ ọ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ta ni kò mọ̀?

Ẹkúndayọ̀ ṣì wà ní olú-ìlú, ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ń bẹ ìjòyè àgbà náà.

“Bàbá, èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn. Mo fi bàbá mi búra.”

“Bàbá wo lo fi ń búra? Nínú gbogbo wa, ta ló ń bá òyìnbó jẹun?”

“Ẹ jẹ́ kí n wá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n wá rí bàbá mi.”

“Àbúrò rẹ ti ṣe ohun tó yẹ kí àkọ́bí ṣe. Má wá.”

Mo tẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. N kò ní ọ̀nà tí mo fi lè sọ fún un pé mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Wọ́n sin bàbá rẹ̀ láìsí i níbẹ̀, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àwọn ọmọ tó lè jọba.