Ta Ló Ṣe Àga Yìí?

Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ló sọ ọ́ ní Kòjókòó, orúkọ náà sì dùn mọ́ wọn lẹ́nu nítorí pé àga ló ń ṣe jẹun. Àga tí ẹlòmíràn máa jókòó lé títí di ọjọ́ ogbó ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, òun fúnra rẹ̀ kò lè fìdí lélẹ̀ jẹun tán. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ti gbé ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo lọ sí òkè òkun ló ti rí bẹ́ẹ̀. Á fá igi díẹ̀, á yọjú sí títì. Á kan ìṣó méjì, á wo fóònù. Ẹ ó rò pé ìjàlọ ló wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

Ìwé àṣẹ tí yóò fi tẹ̀ lé wọn ti jáde. Òun ló ní òun kò tíì lọ. "Mi ò ní wá jókòó sílé kí o máa bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́," ohun tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. "Jẹ́ kí n ti ibí ríṣẹ́ ná." Agídí ọkùnrin ni, mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀ ju gbogbo wa lọ, àmọ́ ó gbà fún un. Ó wáṣẹ́ lórí fóònù títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Àwọn kan kò fèsì. Àwọn kan fèsì pé kó má bínú. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Dádì Fóònù. Ọ̀rọ̀ náà pa ìyá rẹ̀ lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gún bàbá lọ́kàn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ìrètí ti ń tán lọ ni obìnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ àga, nínú ìlú tí ìyàwó rẹ̀ wà gan-an, ti ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lórí fídíò, níbi iṣẹ́ rẹ̀, kó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han òun. Wàhálà kan ló wà níbẹ̀: ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ń wáṣẹ́. Ọ̀gá náà, bàbá àgbàlagbà kan, ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló sì dúró sí lẹ́yìn tó gba fírídọ̀mù. Ó wá fi ìpè náà sí ọ̀sán tí ọ̀gá máa ń lọ ra pákó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ṣọ́ọ̀bù yẹn fún yín kí n tó máa lọ. Ohunkóhun tó bá ti ibẹ̀ jáde, iṣẹ́ ọ̀gá ni. Oníbàárà ì báà bá ọ lórí ohun tí ò ń gbẹ́, tó bá béèrè pé ta ló ṣe é, "Ọ̀gá mi ni" ni ìdáhùn. Ẹni tó bá ní "èmi ni" kò lẹ́kọ̀ọ́, ó fẹ́ já oníbàárà gbà mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ ni.

Obìnrin náà yọ lórí fóònù, ó wọ gíláàsì, ó sì lọ́yàyà. Kòjókòó gbé fóònù yí ká: ayùn lára ògiri, ìfági lórí tábìlì, gọ́ọ̀mù nínú agolo. Ó wá dúró síwájú àga kan tí kò ní ìṣó kankan nínú, tí àwọn igi rẹ̀ wọnú ara wọn débi pé èékánná kò ráyè láàárín wọn. Obìnrin náà sún mọ́ ojú fóònù.

"Àga yìí dára gan-an. Ta ló ṣe é?"

Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀gá wọlé. Ó gbàgbé téèpù tó fi ń wọn igi, ló bá padà wá mú un. Kòjókòó rí i, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró de ọkàn rẹ̀.

"Ọ̀gá mi ni."

"Tábìlì yẹn ńkọ́?"

"Ọ̀gá mi náà ni."

"Kí wá ni iṣẹ́ tiyín níbẹ̀?"

"Mo bá wọn fi sáńpépà ha á, mà."

Obìnrin náà rí bàbá lẹ́yìn rẹ̀, ó béèrè bóyá ọ̀gá náà nìyẹn. Ọ̀gá rò pé oníbàárà ni.

"Àwa nìyẹn, mà," ó wí tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Èyí tó bá wù yín, a máa bá yín ṣe é."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èsì ti dé. Wọ́n dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ Kòjókòó, àmọ́ ẹni tó ṣe àga yẹn ni wọ́n ń wá. Ṣé ọ̀gá rẹ̀ lè wá bá wọn ṣiṣẹ́?

Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá bó ṣe ń rojọ́. Ìyàwó gbọ́ ọ tán.

"Tí wọ́n bá bi yín ní ẹnubodè pé ta ni ọkọ mi," ó wí, "ṣé ọ̀gá yín náà lẹ máa dárúkọ?"

"Wọ́n dúró lẹ́yìn mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, Dádì ọmọ mi. Ẹ lọ bá bàbá yẹn, kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó ti sú mi kí ọmọ máa fẹnu ko fóònù lẹ́nu ní alaalẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú gbogbo èèyàn, ó ń yí àga náà po. Bí ọ̀gá ti wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ọ̀gá gba fóònù, ó ka èsì náà, ètè rẹ̀ ń mì.

"Èmi ni wọ́n ń pè," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, ó sì tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

Kòjókòó kò rò ó rí pé ó lè máa wu bàbá náà láti lọ.

"O fẹ́ fi mí sílẹ̀, o ò sì sọ fún mi."

"Ẹ má bínú, sà. Ojú yín ni mo ń wò."

"Pè é."

Nígbà tí obìnrin náà yọ, ọ̀gá ló di fóònù mú. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àga tí ẹ rí lánàá, mi ò lè ṣe é. Èmi ni mo kọ́ ọmọ yìí bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú, àmọ́ ibi tó gbé iṣẹ́ dé, ọwọ́ mi ò tó o. Òun ló ṣe é." Ó kọjú fóònù sí Kòjókòó, ó sì ń wo ìta.

"Ṣé lóòótọ́ ni?" obìnrin náà béèrè.

"Èmi ni mo ṣe é, mà." Ojú tì í bí ẹni tó ń purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà bi í bó ṣe gé ẹnu igi, ó gbàgbé ojú títì. Ó ń ṣàlàyé, ó ń fọwọ́ júwe, ó ń gbé igi hàn án, títí obìnrin náà fi rẹ́rìn-ín pé ó tó, pé kó máa palẹ̀ mọ́, òun ti gbà á síṣẹ́.

Ó tún dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gá ní kó dìde. Bàbá náà ń fọwọ́ pa apá àga náà síwá sẹ́yìn.

"Oníbàárà ń bọ̀ wá gbé e lónìí. Tó bá ní ta ló ṣe é, kí ni kí n sọ?"

"Ẹ ní ẹ̀yin ni, sà."

Bàbá náà mi orí pé rárá.

"Á ní kí n ṣe òmíràn," ó wí.